Àbúrò mi ń ti ẹ̀wọ̀n bọ̀, wọ́n ní sáíkópáàtì ni: ṣé kí n gbà á sílé?

Ìyá kan ní Ìtamágà, Ìkòròdú níbí, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Opó ni mí, ọmọbìnrin méjì ni mo ní, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 14, èkejì 11. Àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo máa jáde lẹ́wọ̀n Àgbádárìgì ní oṣù mẹ́rin sí ìsinsìnyí, ọdún 9 ló lò torí ó ṣá ẹnì kan ládàá níbi tí wọ́n ti lọ jalè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan tó kàwé nípa ọpọlọ lókè òkun bá mi lọ bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, bá a ṣe jáde báyìí ló ní sáíkópáàtì ni, pé kò sí ìtọ́jú fún wọn láyé ńbí, pé tí wọ́n bá tiẹ̀ ń tọ́jú wọn ṣe ni wọ́n ń burú sí i. Pásítọ̀ tó ń lọ wàásù fún wọn níbẹ̀ ní ó ti yí padà pátápátá, ó máa ń sunkún tó bá ń gbàdúrà. Mọ́mì wa sì mú mi búra kí wọ́n tó kú pé mi ò ní ta á nù. Sà, ta ni kí n gbà gbọ́, ṣé kí n mú un wá sílé?"

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìdílé o. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ dì pọ̀ sínú ẹyọ kan: ṣé lóòótọ́ ni pé sáíkópáàtì ni àbúrò yín, ìyẹn ẹni tí kì í láàánú ẹnikẹ́ni, ṣé ìtọ́jú wà fún ẹni tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àti ṣé kó wá máa sùn nínú ilé tí ọmọ yín méjì ń sùn sí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló jẹ yín lógún jù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kí n kọ́kọ́ tú àwọn méjì yòókù, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti lọ́ mọ́ra. Èmi kì í ṣe dọ́kítà abẹ́rẹ́ o, saikọ́lọ́jíìsì ni mí, onímọ̀ nípa èrò inú àti ìwà èèyàn, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni mo bá ṣiṣẹ́ jù láyé mi kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí apá Èbúté níbí. Mi ò rí àbúrò yín sójú rí, torí náà mi ò ní bá yín sọ pé báyìí ló rí tàbí báyìí kọ́ ló rí, ohun tí mo mọ̀ nípa irú ọ̀rọ̀ yìí ni màá sọ.

Orúkọ yẹn gan-an máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn bíi pé àrùn òkè òkun ni. Bẹ́ẹ̀ àwa náà ti mọ irú èèyàn yìí tipẹ́. Ní 1976, obìnrin onímọ̀ nípa àṣà kan, ará Amẹ́ríkà, Jane Murphy, tó ti bá àwọn èèyàn wa ṣe ìwádìí nílẹ̀ Yorùbá níbí, kọ ọ́ sínú Science, jọ́nà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, pé Yorùbá ní orúkọ fún ẹni tí kì í gba ti ẹnikẹ́ni rò, tó jẹ́ pé ọ̀nà tara ẹ̀ nìkan ló ń tọ̀, tí inú ẹ̀ kún fún ibi, tí orí ẹ̀ sì kunkun. Bó ṣe kọ ọ́ ni "aranakan", èmi gbà pé àránkàn ló gbọ́. Ó lọ bá àwọn Eskimo ní Alaska náà, àwọn yẹn ní orúkọ tiwọn, ó wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní àfàìmọ̀ kí ẹnì kan má tì í kúrò lórí yìnyín nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò wọ́n. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìwé yẹn ni pé lọ́dọ̀ tiwa àti lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn oníṣègùn ò kà á mọ́ àìsàn tí àwọn lè wò. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé wèrè lọ́tọ̀, ọ̀dájú lọ́tọ̀.

Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì o, torí mo mọ ìdílé tó ti ná owó tó tó kọ́lé lórí ẹ̀. Ẹni tí orí ẹ̀ dàrú máa ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, á ní wọ́n ń lépa òun, ìyẹn abẹ́rẹ́ àti oògùn tí wọ́n ń lò ní Yábàá tàbí ní Arò l'Ábẹ́òkúta máa ń ṣiṣẹ́ fún un dáadáa. Ẹni tí mò ń sọ yìí, ojú ẹ̀ mọ́ kedere, ó mọ èyí tó dáa, ó mọ èyí tí kò dáa, ó kàn jẹ́ pé kò ká a lára ni. Kò sí oògùn tó ń gbin àánú síni nínú. Ọkùnrin kan wà tí mo bá jókòó nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan, ẹ̀pà ló ń bó, ó ń sọ bóun ṣe gún ọlọ́kadà kan fún mi. Ó ń sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ pé òun jẹ ẹ̀bà ní Sábó lánàá, kò yára, kò fà á. Ìgbà tó dé ibi tí ọlọ́kadà yẹn ti ń bẹ̀ ẹ́ pé jẹ́lé-ó-sinmi ni ọmọ òun ṣì wà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo ọrùn ọwọ́ mi, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé orijíná ni wọ́ọ̀ṣì yín yẹn?" Mo ní rárá. Ó fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́, ó bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Ohun tí mo fi ń rántí ẹ̀ títí dòní nìyẹn, ju ọ̀bẹ yẹn lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣá èèyàn ládàá ló rí bẹ́ẹ̀ o. Bọ̀dá yín tó lọ bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, kò sí bó ṣe lè mọ̀. Irinṣẹ́ tí gbogbo ayé ń lò jù, Robert Hare ará Kánádà ló ṣe é, ohun 20 ni wọ́n ń yẹ̀ wò lára èèyàn: ṣé ẹnu ẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ, ṣé irọ́ ti di bárakú fún un, ṣé kì í kábàámọ̀, ṣé ara ẹlòmíì ló ti ń jẹun, ìwà wo ló ti ń hù láti kékeré, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún un ní 0 tàbí 1 tàbí 2, tí wọ́n bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ kò lè ju 40 lọ. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹni tó bá ní 30 sókè ni wọ́n ń pè lórúkọ yẹn, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n sábà máa ń lo 25. Ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ, á bá ẹni náà jókòó fún wákàtí mélòó kan, á sì ka fáìlì ẹ̀ látòkè délẹ̀, torí tó bá jẹ́ ẹnu ẹlẹ́wọ̀n yẹn nìkan lẹ gbọ́, irọ́ lẹ máa máa ṣírò. Lọ́hùn-ún pàápàá, nínú 100 ẹlẹ́wọ̀n, bíi 15 sí 25 ló ń wọ inú ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù, ìyà, igbó, ẹgbẹ́ burúkú àti àìnísùúrù ló gbé wọn débẹ̀, wọ́n sì ń kábàámọ̀ lóru bí èmi àti ẹ̀yin. Àwa ará Ìkòròdú gan-an ló yẹ ká máa ṣọ́ra fún fífi orúkọ lé èèyàn lórí. Ní 2017, nígbà tí ọ̀rọ̀ Badoo gbòde, tí wọ́n ń fi ọlọ fọ́ orí àwọn èèyàn mọ́jú, ṣé a ti gbàgbé àwọn tí àwọn èrò sun láàyè pé Badoo ni wọ́n, tí wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀?

Ó yá, ọ̀rọ̀ pé ìtọ́jú ń mú wọn burú sí i. Bọ̀dá yín ò parọ́, ibì kan ló ti gbọ́ ọ, àmọ́ apá kan ìtàn ló gbọ́. Ilé ìtọ́jú kan wà ní Penetanguishene ní Ontario, ní Kánádà, Oak Ridge ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó àwọn ọ̀daràn eléwu tí wọ́n ní orí wọn ò pé sí nígbà yẹn. Láti nǹkan bí àárín ọdún 1960 sí i títí wọ inú ọdún 1970 sí i, wọ́n ṣe ètò kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn tí wọ́n tì mọ́lé ló ń tọ́jú ara wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó yípo, wọ́n á máa tú inú ara wọn wò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n fún àwọn kan ní LSD, oògùn tó ń mú èèyàn rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ìgbà míì wọ́n á kó wọn sínú yàrá kékeré kan ní ìhòòhò fún ọjọ́ mélòó kan, sítúróò tí wọ́n yọ jáde lára ògiri ni wọ́n fi ń fa oúnjẹ mu. Lójú wọn nígbà náà, ọ̀làjú ni. Ní 1992, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Rice, Harris àti Cormier, wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yẹn já sí lẹ́yìn ọdún tó ti lé ní 10. Nínú àwọn tí kì í ṣe sáíkópáàtì, àwọn tó gba ìtọ́jú tó tún hùwà ipá jẹ́ 22 nínú 100, àwọn tí kò gbà á jẹ́ 39, ẹ ò rí i pé ó ran àwọn yẹn lọ́wọ́. Àmọ́ láàárín àwọn sáíkópáàtì, àwọn tó gbà á jẹ́ 77 nínú 100, àwọn tí kò gbà á jẹ́ 55. Nọ́ńbà yẹn ló jáde láti Kánádà tó wá ń rìn kiri ayé títí tó fi dé etí ìgbọ́ yín ní Ìtamágà. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ́ wọn ná: bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tó ń dun ẹlòmíì. Ẹni tó ní àánú gba ìmọ̀ yẹn, ó fi ṣàánú. Ẹni tí kò ní gbà á, ó fi mọ ibi tí ọ̀bẹ ti máa wọlé láìlágbára.

Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yẹn, kò kàn ní LSD nínú ni. Nígbà tí iṣẹ́ yìí ṣì tutù lọ́wọ́ mi, mo dá kíláàsì kan sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n bíi mẹ́wàá, mo ní kí kálukú kọ lẹ́tà sí ẹni tó ṣẹ̀, ẹ ò ní fi ránṣẹ́ o, kẹ́ ẹ kàn kọ ọ́ kẹ́ ẹ sì kà á sókè. Ọ̀kan nínú wọn kọ tiẹ̀, wọ́dà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fi fìlà nu ojú. Èmi gan-an sọ fún ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé mo rí iṣẹ́ Ọlọ́run. Ó jáde, kò tíì pé ọdún kan, ó ti gba gbogbo owó tí opó kan ní lọ́wọ́ ẹ̀, ìgbà tí wọ́n fi lẹ́tà tó ń kọ sí obìnrin yẹn hàn mí, gbólóhùn kíláàsì mi ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Mo ti fi ọwọ́ ara mi lọ àdá fún un. Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé lágbájá ń sunkún, mo máa ń ní ó dáa, kí ló tún ń ṣe yàtọ̀ sí ẹkún? Ìdáhùn mi sí ti pásítọ̀ yín náà nìyẹn, mi ò bá wọn jà. Ó lè jẹ́ pé ó ti yí padà lóòótọ́. Ẹkún ò lè sọ ọ́ fún wa ni.

Àti pé ẹ má gba òdì kejì ẹ̀ náà o, pé ẹni tó bá ń ṣe dáadáa nínú ìtọ́jú ló ń tanni jù. Àwọn kan ní Kánádà náà tẹ irú ìyẹn jáde ní 1999, Seto àti Barbaree, gbogbo èèyàn sì gbé e kiri, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá kó àkọsílẹ̀ tó kún jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ, kò dúró mọ́. Kò sí ẹ̀rí nínú kíláàsì, bóyá ó sunkún àbí ó rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń ṣe tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun ni kẹ́ ẹ lọ máa wò.

Kí ló ń fà á gan-an? Màmá yín lè ti kú pẹ̀lú èrò pé àwọn ò tọ́ ọ dáadáa, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ sí ìyẹn. Ní 2005, obìnrin kan tó ń jẹ́ Essi Viding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wo àwọn ìbejì ọmọ ọdún 7 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n rí ni pé àìláàánú yẹn, ohun tí ọmọ jogún ló kó ipa tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ju ilé tó ti dàgbà lọ. Ibì kékeré kan wà nínú ọpọlọ wa tó máa ń ta wá jí tá a bá rí ìbẹ̀rù lójú ẹlòmíì, tiwọn kì í ta bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ìyà náà ò ràn wọ́n. Ẹ fojú inú wo ọmọ tẹ́ ẹ nà lónìí torí pé ó jí ẹran jẹ, tó mọ̀ pé ẹ máa na òun, tó tún jí i lọ́la, kì í ṣe agídí nìkan, ibi tó yẹ kí ẹ̀rù ti dì í mú ni kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn máa ń yá sí èrè gan-an. Hawes àti Dadds ní Ọsirélíà rí i lára àwọn ọmọkùnrin kéékèèké, pé nígbà tí òbí bá fi ìyà sílẹ̀ tó ń yìn wọ́n tó ń san èrè ohun tó dáa fún wọn, wọ́n ń gbọ́ bí ọmọ yòókù, ìgbà tó bá di ti ìyà ni nǹkan ò wọlé mọ́. Wọ́n sì tún ti wo àwọn ọmọ tí wọ́n gbà tọ́, tí ìyá tó bí wọn lọ́mọ jẹ́ oníwàkiwà: ìyá tó gbà wọ́n tọ́, tó ń fi ẹ̀rín àti ìyìn tọ́ wọn, ó ń rọ ohun tí wọ́n jogún yẹn lójú. Mo ti rí ìyá tó fa ọmọ ọdún 9 lọ bá sọ́jà pé kí wọ́n bá òun nà án dójú ikú kó lè gbọ́n. Ohun tí ọmọ yẹn kọ́ níbẹ̀ ni bí sọ́jà ṣe ń nani.

Torí náà, àwọn tó gbọ́n nínú iṣẹ́ wa yí ìbéèrè padà. Wọ́n ò bèèrè mọ́ pé báwo la ṣe máa fún ọkùnrin yìí ní àánú. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé báwo la ṣe máa ṣe é tí kò fi ní ṣá ẹlòmíì mọ́. Òun gan-an ni gbogbo ohun tí mo ní láti sọ fún yín. Ní Saskatoon ní Kánádà, Stephen Wong àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń mú àwọn eléwu jù, tí nọ́ńbà Hare wọn ga, fún ọ̀pọ̀ oṣù, ohun tí wọ́n ń mú lọ́kọ̀ọ̀kan ni ohun tó ń ti ọkùnrin yẹn débi ọ̀bẹ: ọtí àti igbó, àwọn tó ń bá rìn, bó ṣe gbà gbọ́ pé ẹni tó bá wo òun níwòkuwò ti fi òun wọ́lẹ̀, bí kò ṣe lè dúró ìṣẹ́jú kan kó ro ohun tó máa tẹ̀ lé e. Wọ́n rí i pé àwọn tó yí padà lórí nǹkan wọ̀nyẹn, kódà tí nọ́ńbà wọn ga, ìwà ipá wọn dín kù lẹ́yìn tí wọ́n jáde. Ọkàn wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ o. Wọ́n kàn rí i pé ẹ̀wọ̀n ò pé wọn ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ní ẹ̀wọ̀n Frankland, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Chromis tó jẹ́ pé ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ láyé ara ẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣé owó ni, ṣé òmìnira ni, ṣé kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún un ni, wọ́n á wá fi hàn án pé ọ̀nà tó ń gbà wá a ló ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ìjọba wọn ná owó gọbọi lórí ètò ńlá tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irú àwọn èèyàn yìí, ọsibítù Broadmoor àti Rampton tí wọ́n ń ti àwọn eléwu mọ́ wà nínú ẹ̀, ní 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀ tí wọ́n ń da owó ẹ̀ sínú ètò míì, torí owó tó ń jẹ àti iye èèyàn tó ń gbà ò bára mu.

Èyí tó ń wú mi lórí jù ni ti àwọn ọmọdé. Ní Madison, ní Wisconsin l'Amẹ́ríkà, láti 1995 ni wọ́n ti ṣí ibì kan tí wọ́n ń pè ní Mendota fún àwọn ọmọkùnrin tí ẹ̀wọ̀n ọmọdé yòókù ti lé jáde, àwọn tó ń sọ ìgbẹ́ lu wọ́dà. Saikọ́lọ́jíìsì ló ń darí ibẹ̀, kì í ṣe wọ́dà. Ẹni tó bá hùwà dáadáa lónìí, ọ̀la ló ń gba èrè ẹ̀, kò dọjọ́ míì. Ẹni tó bá sì bàjẹ́ lónìí, ọ̀la ẹ̀ náà ló máa fi gbé e, ọ̀túnla ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kò sí pé wọ́n ń gbẹ̀san. Nígbà tí Caldwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tọ pinpin wọn lẹ́yìn tí wọ́n jáde fún ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀, àwọn ọmọ tí wọn ò tọ́jú níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti pa èèyàn 16, àwọn tí wọ́n tọ́jú ò pa ẹyọ kan. Dọ́là kan tí wọ́n ná lé e lórí, wọ́n ṣírò pé ó gba dọ́là 7 padà. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé wọn ò fi ìbò pín àwọn ọmọ yẹn sí méjì, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn rí ibi dì mú. Ṣùgbọ́n èèyàn 16 pọ̀ ju ohun tí mo lè fi ṣàwàdà lọ.

Ẹ wá wo bí gbogbo èyí ṣe jìnnà sí wa. Kò síbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà tí mo ti rí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Òfin tuntun ti 2019 tó sọ orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di Correctional Service sọ̀rọ̀ títún èèyàn ṣe dáadáa, ó tiẹ̀ la ọ̀nà fún pàróòlù, ìyẹn kí wọ́n dá ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé, àti iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lẹ́yìn gáàtì wa ló ṣì ń dúró de ìdájọ́, saikọ́lọ́jíìsì kan á sì máa sáré láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Ohun tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ oṣù àti àwọn òṣìṣẹ́ púpọ̀ ṣe ní Saskatoon, ẹnì kan ò lè dá a ṣe nínú yàrá ìpàdé tí wọ́n tún ń lò fún bíríkílà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín, ẹ má sọ ara yín di ilé ìwòsàn. Àwa tá a kọ́ iṣẹ́ yìí gan-an, a kì í dá wà pẹ̀lú irú wọn, a máa ń jọ jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ká fi ohun tó sọ fún kálukú wé ara wọn, torí ohun tó máa sọ fún mi lọ́tọ̀, èyí tó máa sọ fún ẹ lọ́tọ̀, kó tó di ọjọ́ kẹta ó ti dá èmi àti ẹ̀ jà.

Ó dáa, ilé yín wá ń kọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti búra, mi ò sì ní sọ pé kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Àmọ́ kí Mọ́mì ní ẹ má ta á nù ò túmọ̀ sí pé kó máa sùn ní pálọ̀ yín. Tó bá jẹ́ èmi ni, fún ọdún kan àkọ́kọ́ ó kéré tán, kò ní sùn nínú ilé tí ọmọbìnrin ọdún 14 àti 11 wà, bóyá sáíkópáàtì ni o, bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ti ṣe ọdún 9 lẹ́wọ̀n lórí àdá, ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ló léwu jù. Ẹ lè gba yàrá kan fún un, féèsì-mi-n-féèsì-ẹ lásán náà tó, kó wà níbi tí yóò fi wọ mọ́tò kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, Ọ̀gíjọ tàbí apá Òdóńgúnyàn, ẹ sì san owó ẹ̀ sọ́wọ́ lanlọ́ọ̀dù tààrà. Kó má gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá. Ó máa bí i nínú, á ní ẹ ò fọkàn tán òun. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò tíì fọkàn tán an, ìgbà tẹ́ ẹ bá máa bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn tán an, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ já a jù sílẹ̀ pátápátá, mo mọ àwọn ìdílé tó ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò dá wọn lẹ́jọ́, àwọn míì nínú wọn ò sì ní ọ̀nà míì. Àmọ́ ọkùnrin tó jáde tí kò ní yàrá, tí kò ní iṣẹ́, àwọn tó máa wá pàdé ẹ̀ ní gáàtì ni àwọn tí wọ́n jọ lọ jalè. Àwọn kan á ní kó lọ máa gbé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn ò burú tó bá jẹ́ pé wọ́n máa fún un níṣẹ́, tí àkókò jíjí àti àkókò sísùn wà, tí ẹnì kan sì máa ń bi í pé níbo lo lọ. Tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n fẹ́ gbé máíkì fún un kó máa jẹ́rìí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Máíkì ni nǹkan tó kẹ́yìn tí irú wọn nílò.

Iṣẹ́ tó bá máa ṣe, kó jẹ́ èyí tó ń sanwó lójúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀, búlọ́ọ̀kù, iyanrìn ní Bàyékù, pẹ́ńtà, ohunkóhun tó bá ti lè rí èrè ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ìlérí ọdún márùn-ún sí i kì í wọ̀ wọ́n létí. Ohun kékeré tẹ́ ẹ bá ṣe fún un, ẹ so ó mọ́ ohun tó ti ṣe, kì í ṣe ohun tó ní òun máa ṣe. Ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà, ó wá jẹun ní Sunday, ẹ wà nílé, ẹ̀gbọ́n yín kan tàbí aládùúgbò kan wà níbẹ̀. Kò ṣiṣẹ́, kò sí Sunday. Ẹ má bínú, ẹ má wàásù, ẹ kàn ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má yá a lówó rárá. Tó bá sọ ọ̀rọ̀ kan tó ní kẹ́ ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan. Tó bá halẹ̀ mọ́ yín tàbí gbé ọwọ́ sókè, ẹ má jókòó ṣe ìpàdé ẹbí, ẹ pe 767 tàbí 112, ìjọba Èkó sì ní àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ipá inú ilé, ẹ lọ bá wọn. Àwọn ọmọ yín náà, ẹ sọ fún wọn báyìí, kó tó jáde, pé àbúrò Mọ́mì ṣá èèyàn ló fi lọ ẹ̀wọ̀n, wọn ò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gba fóònù tàbí ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ ò mọ̀ sí. Èyí àgbà máa yé e ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ohun kan wà tó lè tù yín nínú díẹ̀. Ẹ ò sọ ọjọ́ orí ẹ̀ fún mi, àmọ́ tó bá ti ń sún mọ́ 40, ìwà ọ̀daràn irú àwọn èèyàn yìí sábà máa ń lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọ̀dájú yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ, ara ló ń rẹ̀ ẹ́. Ó sì tún ṣeé ṣe kó máà jẹ́ sáíkópáàtì rárá, kó jẹ́ pé ọmọdékùnrin tí àdá àti igbó kó sí lórí ni, ẹ ò sì ní fi ètò yìí pa á lára tó bá rí bẹ́ẹ̀, á kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé ni.

Kó tó jáde, ẹ tún lọ sí Àgbádárìgì lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá ọ̀gá tó ń rí sí wẹ́ẹ̀fẹ̀, ìyẹn ìtọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó ti yí padà, gbogbo wọn ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ló jà kẹ́yìn, ta ló bá jà, kí ló fà á. Ẹ bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe nínú ọgbà, ṣé ó ti ṣe é ju ọdún kan lọ tí wọn ò lé e, kẹ́ ẹ sì ní ẹ fẹ́ rí ẹni tó ń darí ẹ̀ níbi iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀. Ẹ bi wọ́n bó ṣe ń ṣe sí ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan fún un, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àwọn tí ara wọn ò dá. Ẹ mú ìwé àti bírò dání, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, torí ojú ẹ̀ tẹ́ ẹ ti rí máa ti pa ìdajì ẹ̀ rẹ́ kẹ́ ẹ tó dé Mile 2.